Bordeaux, Níbi Tí Ahọ́n Ti Ń Kọ́ Ìwé

Odò Garonne kò gba inú ìlú Bordeaux kọjá ní títọ́. Ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe èbúté wọn ní Èbúté Òṣùpá. Láti etí omi yìí ni wọ́n ti ń kó ọtí àjàrà lọ sí òkè òkun láti ayé àtijọ́. Ní ọdún 1152, Aliénor tí ó jogún ilẹ̀ Aquitaine fẹ́ Henri Plantagenêt. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni Bordeaux ṣe wà lábẹ́ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí 300 ọdún, tí ọtí rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń mu ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ogun Castillon dá ilẹ̀ náà padà fún Faransé ní ọdún 1453, ọ̀fun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ ọn lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọtí ìlú kan ṣe di ọtí gbogbo ayé, èbúté ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Àwa mẹ́fà ni a jọ lọ, ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ àti ọmọ Àjàṣẹ́, tí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ti gbé díẹ̀ nínú wa dé ilẹ̀ Faransé. Ọtí àjàrà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ta ni ó lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà ní Àjàṣẹ́ tí kò bá ìgò rẹ̀ lórí tábìlì? Ojú ni a fi ń mu ún nílé. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ìgò ni a ń kà, iye tí wọ́n rà á ni a ń bi ara wa, a ó sì dà á lé yìnyín lórí. A fẹ́ mọ ohun tí àwọn tí ń ṣe é máa ń wá nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e sẹ́nu, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ahọ́n tiwa, tí ó fi ẹmu, obì àti irú dàgbà, lè rí ohun kan náà.

Médoc ni a kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ gbọọrọ ni, ó wà láàárín òkun ńlá àti omi Gironde, èyí tí Garonne àti Dordogne pàdé láti dá sílẹ̀. Ẹnu yóò ya ẹni tí ó bá ti dá oko rí, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ ni ó kún ilẹ̀ náà, òkúta róbótó tí odò ti fọ̀ tí ó sì ti kó jọ síbẹ̀ láti ìgbà tí a kò lè kà. Bí a bá mú àgbẹ̀ Ṣábẹ dé ibẹ̀ tí a ní kí ó kọ ebè iṣu sí i, yóò bi wá bóyá orí wa pé. Ṣùgbọ́n igi àjàrà kì í ṣe iṣu. Bí ó bá jẹun yó, ewé ni yóò máa yọ, èso rẹ̀ yóò sì dà bí omi lásán. Lórí òkúta wọ̀nyí, òjò kì í dúró, gbòǹgbò ni yóò lépa omi lọ sí ìsàlẹ̀. Òkúta yóò gba ooru oòrùn mọ́ra ní ọ̀sán, yóò sì máa yọ́ ọ jáde fún èso ní alẹ́. Nítorí èyí ni Cabernet Sauvignon, irú àjàrà tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó pọ́n, fi lè pọ́n dáadáa níbẹ̀. Ní òdìkejì omi, ní agbègbè Saint-Émilion àti Pomerol, amọ̀ àti òkúta funfun ni ó pọ̀ jù. Amọ̀ máa ń tutù, Merlot tí ó máa ń tètè pọ́n ni ó sì bá a mu. Terroir ni àwọn Faransé ń pe àpapọ̀ nǹkan wọ̀nyí: ilẹ̀, ojú ọjọ́, àti ọwọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú igi. Wọ́n gbà gbọ́ pé bí ọtí bá dára, ilẹ̀ tí ó ti wá yóò wà nínú rẹ̀.

Orúkọ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ní Médoc ni Lafite, Latour, Margaux àti Mouton. Oyè wọn wá láti ọdún 1855. Napoléon Kẹta pe gbogbo ayé sí àfihàn ńlá ní Paris, wọ́n sì ní kí àwọn alágbàtà ọtí ní Bordeaux to àwọn oko tí ó lókìkí lẹ́sẹẹsẹ. Iye tí ọtí oko kọ̀ọ̀kan ń tà ní ọjà ni wọ́n fi tò ó, ní ipò márùn-ún. Láti ìgbà náà, oko kan ṣoṣo ni ó ti gòkè láti ipò kan sí òmíràn: Mouton Rothschild, tí ó kúrò ní ipò kejì bọ́ sí ipò kìíní ní ọdún 1973. Ẹnu yà wá pé ìwé owó ọjà àtijọ́ ṣì ni ó ń pàṣẹ iye tí ènìyàn yóò san lónìí. Àwọn oko náà lẹ́wà, ilé wọn dà bí ààfin. A wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, a sì bá tiwa lọ.

Oko tí a ti kẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú ìwé 1855. Obìnrin kan ni ó ni ín, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣe ọtí rẹ̀. Ó mú wa sọ̀ kalẹ̀ sínú àjà ilẹ̀ tí ó tutù, níbi tí àwọn àgbá igi óákù wà ní ìlà. Lítà 225 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ìyẹn nǹkan bí 300 ìgò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó tẹ́ ìwé funfun kan sórí tábìlì, ó rọ ọtí díẹ̀ sínú ife, ó sì tẹ ife náà sí ẹ̀gbẹ́ lórí ìwé.

“Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná.”

A wò ó. Ọtí tí kò tíì dàgbà dà bí aró tí a pò mọ́ osùn. Lẹ́yìn náà ni ó rọ ti ọdún mẹ́wàá sí ife kejì, etí rẹ̀ sì ti yípadà, ó ti dà bí ilẹ̀ pupa ọ̀nà Kétu lẹ́yìn òjò. Ó ní bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ọtí pupa ń ṣí, tí ti funfun sì ń ki.

Ó ní kí a gbé ife sí imú láì mì ín. Òórùn díẹ̀ ni ó jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a yí i lọ́wọ́ kí atẹ́gùn lè kàn án, kí a sì tún gbé e sí imú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀. Imú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a ń yìn ahọ́n fún. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ti dí imú rẹ̀ mọ̀ pé ọbẹ̀ tí ó dùn jù lọ kò ní adùn kankan lẹ́nu òun. Ọ̀kan nínú wa wá ṣàlàyé fún obìnrin náà pé ní èdè tiwa, a máa ń gbọ́ òórùn ni, bí a ṣe ń gbọ́ ohùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó wu òun kí èdè Faransé rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun a máa tẹ́tí sí ọtí ní tòótọ́.

Ó wá bi wá pé kí ni a gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ dákẹ́. Cassis ni ó ń wá, èso dúdú kékeré tí gbogbo ìwé máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Cabernet, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì jẹ rí. Obìnrin náà ní kí ó fi cassis sílẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó mọ̀. Nígbà náà ni ẹnu wa là. Ẹnì kan gbọ́ ewé tábà tí a so rọ̀ sí àjà. Ẹlòmíràn gbọ́ ìyeyè tí ó ti pọ́n jù, tí ó já sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹnìkẹta ní èéfín ni, irú èyí tí ó máa ń wà lára ẹja yíyan. Obìnrin náà mi orí sí èyí, ó ní iná ni àwọn tí ń kan àgbá fi ń yan inú rẹ̀, kí pákó tó lè tẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti gbà pé ọ̀dọ́ tí ó bá lọ há orúkọ èso ilẹ̀ òtútù sórí kí ó tó lè sọ̀rọ̀ nípa ọtí ti di odídẹrẹ́. Ohun tí imú rẹ bá ti pàdé rí ni ó lè dá mọ̀. Àgbálùmọ̀, èkuru, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, àdín tí ó wà lórí iná: ìwé tìrẹ nìyẹn.

Ẹnu ni ó gbẹ̀yìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ènìyàn ń gbé sẹ́nu, yóò yí i ká gbogbo ahọ́n, yóò fa atẹ́gùn díẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì tu ú sínú korobá. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa kò fẹ́ gbọ́ èyí. Ó ní baba òun kò kọ́ òun láti máa tu ohun tí a fi ṣe òun lálejò jáde. Obìnrin náà ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá ní ife 40 láti tọ́ wò láàárọ̀ kan gbọ́dọ̀ tu ú, bí ó bá fẹ́ kí orí òun pé ní ife ogójì. Àgbà wa tu ti kejì àti ti kẹta. Ti àkọ́kọ́, ó gbé e mì.

Adùn, ìkan àti ìkorò, a dá wọn mọ̀ láìpẹ́. Ohun kẹrin ni ó dá wa dúró. Kì í ṣe adùn, kì í ṣe ìkorò; ó kàn ń gbẹ ẹnu, ó sì ń fa èrìgì. Obìnrin náà ń wá ọ̀nà láti ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí mẹ́ta nínú wa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Obì!” Òun náà ni. Tannin ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ni ó ti ń wá, àti ara igi àgbá. Ẹni tí ó ti jẹ obì àbàtà rí, tí ó sì mu omi tẹ̀ lé e, mọ̀ pé ohun tí ó ń fún ẹnu kì í ṣe ọ̀tá adùn. Tannin yìí ni ó mú kí ọtí pupa Médoc bá ẹran sísun ọlọ́ràá lọ, òun pẹ̀lú ìkan rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kí ìgò kan lè wà ní ìpamọ́ fún ogún ọdún láì bàjẹ́. Bí a bá ti gbé ọtí mì, àwọn ọ̀mọ̀ràn máa ń ka bí adùn rẹ̀ ti pẹ́ tó lẹ́nu, ní ìṣẹ́jú-àáyá. Caudalie ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kà dé mẹ́jọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ọ̀mọ̀ràn kì í ṣìnà. Ní Bordeaux gan-an, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2001. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tí ń kọ́ ìmọ̀ ọtí àjàrà ní ọtí funfun, wọ́n sì tún fún wọn ní ọtí funfun kan náà tí wọ́n ti po àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe ọtí pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ojú ti sọ fún imú ohun tí yóò gbọ́. Bí àwọ̀ lásán bá lè ṣe èyí fún àwọn tí ń kọ́ ọ níṣẹ́, kí ni orúkọ ńlá lára ìgò kò ní ṣe fún wa níbi ìgbéyàwó?

Ọdún 25 ṣáájú èyí, Faransé ti rí àrídìí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ta ọtí ní Paris, pe àwọn adájọ́ ọmọ Faransé jọ, ó sì fi orúkọ ìgò pamọ́ fún wọn. Nínú ọtí pupa, ti Stag's Leap Wine Cellars láti California ni wọ́n fi ṣáájú, ó borí Mouton Rothschild àti Haut-Brion. Nínú ti funfun, California náà ni, ti Chateau Montelena. Láti ìgbà náà ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ láti sọ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá fún ọtí tí ó dára. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ìtàn kan tún wà tí ó wọ̀ wá lára ju ti California lọ. Irú àjàrà kan wà ní Bordeaux nígbà kan tí ń jẹ́ Carménère. Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ phylloxera ti Amẹ́ríkà wá, ó sì jẹ gbòǹgbò àjàrà Faransé run. Gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kò lè pa, ni wọ́n wá so ẹ̀ka tiwọn mọ́ kí oko tó tún yè. Díẹ̀ ni ẹni tí ó tún Carménère gbìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí Chile kí àjàkálẹ̀ náà tó dé, Merlot sì ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè é, títí di ọdún 1994 tí Jean-Michel Boursiquot, ọmọ Faransé tí ó mọ igi àjàrà, fi wo ewé rẹ̀ tí ó sì dá a mọ̀. Àwa tí orúkọ Kétu ìlú wa ṣì jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan nínú Candomblé ní Bahia, kò ṣòro fún wa láti lóye bí ohun tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run nílé ṣe lè wà láàyè ní òkè òkun.

Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ pé ọtí máa ń ru ilẹ̀ tí ó ti wá mọ́ra, kì í ṣe òkúta Médoc nìkan ni a gbọ́dọ̀ kà. Ní ọjọ́ tí a padà sí Bordeaux, a rìn ní etí Garonne. Ojú ènìyàn tí a gbẹ́ sí òkúta wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé àwọn ilé ńlá àtijọ́, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ojú ọmọ Áfíríkà. Láti èbúté kan náà tí ọtí ń gbà lọ ni ọkọ̀ òkun tí ń kó ẹrú ti gbéra láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún títí wọ ìkọkàndínlógún. Àwọn tí wọ́n kó lé ní 100,000. Ọkọ̀ mìíràn a máa gbé ọtí àti ìyẹ̀fun lọ tààrà sí Saint-Domingue, èyí tí a ń pè ní Haiti lónìí, yóò sì gbé ṣúgà àti kọfí bọ̀. Nago ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè wá ní Benin títí di òní, orúkọ náà kò sì tíì kúrò nínú ẹ̀sìn Vodou ti Haiti. Ìlú Bordeaux pẹ́ kí ó tó sọ èyí síta. Ní ọdún 2009 ni Musée d'Aquitaine ṣí àwọn yàrá tí a ti ń sọ ìtàn náà. Ní ọdún 2019 ni wọ́n gbé ère Modeste Testas dúró sí etí omi, obìnrin Áfíríkà tí àwọn oníṣòwò Bordeaux rà tí wọ́n sì kó lọ sí Saint-Domingue.

A dúró níwájú ère náà pẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní òun kò tún ní fi ọtí ìlú yìí kan ẹnu. Òmíràn ní obìnrin inú àjà ilẹ̀ kò ta ẹnikẹ́ni, àti pé bí a bá ní kí a kọ ohun gbogbo tí èbúté yẹn ti kó wọlé, kọfí àárọ̀ wa náà yóò lọ. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Ní tiwa tí a ń kọ èyí, a ò kọ ọtí náà. Ṣùgbọ́n a kò lè ka ìwé tí ó wà lára ìgò mọ́ láì rántí ojú tí ó wà lára ògiri.

Saint-Émilion, a kò lo ju wákàtí mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ìlú kékeré tí ó dára ni, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta yẹ ní wíwò, àwọn àlejò sì pọ̀ ju àyè lọ.

Nígbà tí a délé ni a tó rí i pé ẹ̀kọ́ náà wúlò. Ìwúkàrà kan náà tí ó ń sọ omi àjàrà di ọtí wà lára èyí tí ó ń sọ omi ọ̀pẹ di ẹmu. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹmu máa ń sáré. Ó dùn bí oyin ní ìdájí, ó ta lẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́, bí ọjọ́ bá sì ti gorí ọjọ́, ó ti kan kọjá mímu. Kò sí ìwé lára akèrègbè, kò sì sí Napoléon tí ó tò ó ní ipò. Síbẹ̀ adẹ́mu mọ èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀pẹ tí a wó lulẹ̀, ó mọ ògùrọ̀, ó sì mọ èyí tí ẹlẹ́mu ti là lómi. Kódà sódàbí wa kò ṣàì ní ohun tí ó da òun àti àjàrà pọ̀: ìtàn rẹ̀ ni pé ọmọ Dahomey kan tí ń jẹ́ Sodabi lọ bá Faransé jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kọ́ bí a ṣe ń sè ọtí níbẹ̀, ó sì padà wá fi ẹmu ṣe é. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é, nítorí pé ó ń ba ọjà ọtí tí wọ́n ń kó wọlé jẹ́.

Ohun díẹ̀ wà tí a fẹ́ kí ẹni tí ó bá ra ìgò mọ̀. Àwọn Faransé máa ń sọ pé kí a mu ọtí pupa ní bí yàrá bá ṣe rí, yàrá ilẹ̀ òtútù ni wọ́n sì ní lọ́kàn, nǹkan bí 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá wa ní Àjàṣẹ́ lè dé 30. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ sì fi yìnyín sílẹ̀, nítorí pé omi ni yìnyín yóò dà. Ẹ má ra ìgò tí ó ti jókòó sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bí orúkọ rẹ̀ ti wù kí ó tóbi tó. Ife kan tí a tọ́ wò dáadáa sàn ju ìgò kan tí a gbé mì lọ. A sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin mùsùlùmí, kì í fẹnu kan ọtí; ohun gbogbo tí obìnrin Médoc kọ́ wa nípa imú àti ahọ́n, ẹ lè fi kọfí, oyin ìgàn tàbí epo pupa ṣe é.

Ìgò tí ó kù lọ́wọ́ wa ni a gbé lọ fún bàbá kan ní Kétu, tí ó ti ń dá ẹmu láti ìgbà èwe rẹ̀. A kò sọ orúkọ ọtí náà fún un. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ títí, ó tọ́ ọ wò, ó sì fi ahọ́n nu èrìgì.

“Ó ń fún ẹnu,” ni ó wí. “Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe é?”

“Ó ti pé ọdún mẹ́jọ, Bàbá.”

“Ọdún mẹ́jọ! Ta wá ni ó ń ṣọ́ ọ?”

A kò tíì dáhùn tí ó fi na ọwọ́ sí akèrègbè tirẹ̀, ó ní kí a tètè gbé igbá wá kí ẹmu òun tó kan.